Ẹni Tó Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà Ọgọ́rin

Oòrùn Marcory, àdúgbò kan ní Abidjan, ní ọjọ́ Àìkú náà kì í ṣe kékeré. Adìẹ tó bá yé ẹyin, sísè ni ẹyin ń jáde. Àwọn táksí aláwọ̀ ọsàn tó ń kọjá ń yọ́ lójú títì bíi bọ́tà. Síbẹ̀, ooru tó wà níta yẹn kò tó ìdajì èyí tó wà nínú àyà Ràmílátù, nítorí Alhaji Karim, àbúrò bàbá rẹ̀, ti ní kí wọ́n ti ọkọ̀ ńlá kan wá síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fóòmù ìbùsùn ló sì kún inú ọkọ̀ náà. Wọ́n to fóòmù yẹn ga débi pé ọkọ̀ òfurufú tó ń balẹ̀ lọ sí Port-Bouët ní láti yẹ̀ ẹ́, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń yan èyí tó wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Bàbá Ràmílátù ló ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ wá kó kọ̀ǹpútà sí i, ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Abidjan ń pè ní sáíbà, níbi tí èèyàn ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń tẹ ìwé, tó sì ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ lókè òkun. Alhaji Karim ní òun ò fẹ́ sáíbà nínú ìdílé mọ́. Ní ọdún 2007 tí à ń wí yìí, àwọn ọmọkùnrin kan ti ń jókòó sí sáíbà láti fi ẹnu dídùn lu àwọn òyìnbó ní jìbìtì, Alhaji sì gbà pé ọjọ́ kan ṣáá, ọlọ́pàá á wó ilẹ̀kùn wọlé, orúkọ ìdílé á sì bàjẹ́ láti Treichville dé Ògbómọ̀ṣọ́.

"Fóòmù kì í lu èèyàn ní jìbìtì," ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí.

Ẹnu Ràmílátù lè bó ọsàn láìlo ọ̀bẹ. "Bàbá kékeré, fóòmù tí ẹ̀ ń tà yẹn? Ẹni tó bá sùn lé e lálẹ́, orí ilẹ̀ gbalasa ló ń bá ara rẹ̀ láàárọ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣe jìbìtì, kí ni?"

Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alhaji Karim nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí i. "Ohun tí o ń ṣe tí o ń pè ní Ọjà yẹn, èmi àti àwọn àgbà ń bọ̀ wá wò ó ní ọjọ́ Àìkú. Bó bá ṣí kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì, ṣọ́ọ̀bù di tìẹ, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé. Bí kò bá ṣí, fóòmù ń wọlé."

"Ṣé ẹ búra?"

"Walaï!"

Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fóòmù fi dúró síta, tí Ràmílátù sì ń làágùn nínú ilé.

Ọjà tí Alhaji ń fẹnu yẹ̀yẹ́ pè yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Adjamé àti Treichville, ẹnì kan ò mọ ohun tí ẹnì kejì ní. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí o kò ní, o ó ní kó padà wá, o ó sì ránṣẹ́ lọ sí Cotonou, nígbà tó jẹ́ pé aládùúgbò rẹ ló fi ohun náà jókòó. Ràmílátù fi ẹsẹ̀ rìn gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn títí bàtà rẹ̀ fi jẹ tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Ó kó ohun tí oníkálùkù ní sínú kọ̀ǹpútà àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí nínú ṣọ́ọ̀bù, o kàn máa tẹ lẹ́tà mẹ́ta, *oja*, wàá rí ẹni tó ní ohun tí ò ń wá. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ìta, gàdàgbà-gadagba tí ewúrẹ́ afọ́jú fi lè kà á: TẸ OJA, WÀÁ RÍ I.

Àwọn àgbà dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Alhaji Karim ló ṣáájú, nínú agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì sí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tó jókòó, agbádá ṣì wà ní ìdúró. Alhaji Bàsìt, oníṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Adjamé, tẹ̀ lé e, àwọn àgbà mìíràn sì wọ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi àga kún ilé.

"Ó yá," ni Alhaji Karim wí. "Ṣí ọjà rẹ ká rajà."

Ràmílátù rẹ́rìn-ín ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì tẹ ohun tó ń jí Ọjà lójoojúmọ́. Dípò iná aláwọ̀ ewé tó máa ń tàn, pátákó kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì bá a sọ Faransé: *Le port 80 est déjà utilisé*, pé ẹnì kan ti ń lo ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin. Ó tún un tẹ̀. Pátákó náà tún yọ. Ó tẹ̀ ẹ́ bíi ti ẹni tó ń gún iyán. Pátákó ò gbọ́ iyán.

"Ṣé ọjà ti tú ni?" Alhaji Karim béèrè, ó sì ju ojú sí ọkọ̀ fóòmù rẹ̀ níta.

Axel sáré wá. Ọmọ àdúgbò Niangon ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Porto-Novo. Ó máa ń bá Ràmílátù tún ẹ̀rọ ṣe, Yorùbá tó ń gbọ́ sì pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ. Ọkàn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n oògùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo àìsàn.

"Rami, y a drap! Wàhálà dé! Virus ni. On formate."

"Axel, bí eṣinṣin bá bà lé kọ̀ǹpútà, ìwọ á formater. Bí ìyàwó rẹ bá bínú, o ó formater ìyàwó. O mọ̀ pé bí a bá formater, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ á lọ? Ẹsẹ̀ mi tí mo fi rìn Adjamé, ta ló fẹ́ dá a padà fún mi?"

"Clé USB kékeré tí o kó gbogbo rẹ̀ sí ńkọ́?"

"Ó bọ́ sínú òróró obìnrin tó ń dín ẹja fún oúnjẹ garba. Ó dín in pọ̀ mọ́ ẹja. Ẹnì kan ti jẹ gbogbo ọjà Treichville pẹ̀lú attiéké ẹ̀gẹ́, kò mọ̀."

"Ká pa ẹ̀rọ ká tún tan án nígbà náà."

Ràmílátù wo ẹ̀rọ àgbà náà. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tuntun. Irú àwọn ọjà àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù ni, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní France-au-revoir. Nígbà tí wọ́n pa á gbẹ̀yìn, ó sùn bíi òkú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n gbá a, wọ́n fẹ́ ẹ lójú, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó lajú. "Bí a bá pa á, fóòmù á ti máa hu gbòǹgbò níbí kó tó jí."

"Gbé Ọjà sí ẹnu ọ̀nà mìíràn, alors. Mets un autre port."

Òótọ́ ni pé ìyẹn ṣeé ṣe. Inú kọ̀ǹpútà dà bí agbo ilé tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ọ̀nà, tí nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò tó bá fẹ́ bá ará ìta sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà kan ni yóò gbé àga rẹ̀ sí. Ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin ni irú Ọjà ń lò. Ètò méjì kì í jókòó sí ẹnu ọ̀nà kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Bí ó bá gbé Ọjà sí ibòmíràn, àdírẹ́sì á hu ìrù, èèyàn á ní láti tẹ nọ́ńbà tẹ̀ lé lẹ́tà mẹ́ta yẹn, ohun tó kọ sára ògiri á sì di irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló bí i nínú.

"Ẹnu ọ̀nà mi ni!" ó pariwo. "Ẹnì kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, èmi ni kí n lọ máa wá ibi tí màá dúró sí? Láéláé. Màá mọ ẹni náà, màá rí i lójú, èmi pẹ̀lú rẹ̀ á sì jọ sọ ọ́."

Ó ṣí fèrèsé dúdú, èyí tí èèyàn ti ń fi lẹ́tà pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó tẹ *netstat*, ó fi *-an* kún un. Gbogbo ẹnu ọ̀nà tó ṣí tú jáde, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, bíi eṣú tó bọ́ sóko. Àwọn àgbà fa ọrùn gùn.

"Kí nìyẹn?" Alhaji Bàsìt béèrè.

"Àwọn ẹnu ọ̀nà ni, Alhaji. Ẹ wò ó, ọgọ́rin rèé. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó jẹ́."

"Olè ni," Alhaji Karim fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. "Olè tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń tẹ́tí! Mo ti sọ nípa sáíbà."

Ràmílátù yí padà sí kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣẹ́ kù tí yóò mú kí ẹ̀rọ tú àṣírí onílé, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ti fò lọ. Ó gbìyànjú ọ̀kan, ẹ̀rọ bú u. Ó gbìyànjú òmíràn, ẹ̀rọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo àṣẹ, ìwé kíkà rẹpẹtẹ.

"*O*," Axel sọ wẹ́rẹ́. "Fi *o* sí i. Ó máa fún ẹ ní numéro ẹni tó ni ín."

"Axel! O mọ ìyẹn, o sì ń pariwo formater?"

"Formater yá jù."

Ó tẹ *netstat -ano*. Eṣú tún tú jáde, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí eṣú kọ̀ọ̀kan gbé nọ́ńbà sẹ́yìn. Ní ìparí ìlà ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin, 1748 ló wà níbẹ̀.

"Mo mú ọ," Ràmílátù sọ sí i lẹ́nu. "Ẹgbẹ̀rún kan ó lé, jẹ́ kí n rí ojú ẹ."

Ó ṣí ibi tí Windows to gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ sí, ó ní kó fi nọ́ńbà wọn hàn, ó sì ń fi ìka bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Axel ń mí sí i léjìká. 1748. Ó ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún un kà.

Kì í ṣe virus. Kì í ṣe olè. Ètò tí wọ́n fi ń pe èèyàn láti orí kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn tí gbogbo sáíbà ní, tí àwọn ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lókè òkun. Àmì rẹ̀ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ó há sí igun, ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i. Ètò náà ti jí ṣáájú Ọjà lónìí, ó sì ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ọgọ́rin.

"Ta ló ṣí i?" Axel béèrè.

Ràmílátù rántí. Ní àárọ̀, kó tó jí Ọjà, Tantie Nimotou, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ti wá. Ó fẹ́ kí Bàbá Làtífù. Bàbá Làtífù, ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, ni àgbà ìdílé. Ó ti lo ìgbà ayé rẹ̀ ní Abidjan kó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sinmi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tó ní kọ̀ǹpútà ló sì ń tan án fún un nílé. Ràmílátù bá tantie pe Bàbá, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí i létí, ó sì lọ. Ó ti rò pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán tipẹ́tipẹ́.

Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Okùn dúdú kan jáde níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé e. Okùn gba abẹ́ tábìlì, ó gba àárín ẹsẹ̀ Alhaji Bàsìt, ó gba abẹ́ àga mẹ́ta, ó sì wọ abẹ́ aṣọ tí wọ́n ta bo igun ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kírun. Ràmílátù ká aṣọ náà sókè.

Tantie Nimotou ló wà níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ohun ìgbọ́rọ̀ lórí gèlè, ewé garba tó ti jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìka sí ẹnu kíá. "Ṣììì! Bàbá ò tíì dágbére."

"Tantie! Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀. Orúnkún mi ti lọ sí ọ̀run, ó ti padà. Ṣùgbọ́n kò tíì ní ó dàbọ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ ò lè ní ó dàbọ̀?"

"Èmi?" Ojú obìnrin náà fẹ̀. "Kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi àgbà pé ó tó gẹ́ẹ́, kó máa lọ? Ṣé orí mi dà rú ni?"

Ràmílátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ti tantie. Ohùn arúgbó kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ̀fúùfù ń fẹ́ níbí o, Nimotou."

"Ẹ kú ẹ̀fúùfù o, Bàbá."

"Ìwọ náà kú... kú ìkúnlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà o, Bàbá. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà. A ti jẹun."

"Ẹ kú oúnjẹ o, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu àwọn méjèèjì láti ìgbà tí oòrùn ti gòkè. Ìkíni nìkan ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì ń fi í lé ara wọn bíi bọ́ọ̀lù.

Ràmílátù na ọwọ́ sí ohun ìgbọ́rọ̀. "Ẹ fún mi, Tantie, ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá sọ ọ́."

Tantie fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ariwo wọn ti dé etí Alhaji Karim. Ó ti yọ sí ẹ̀yìn wọn, agbádá rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó wà lórí ìlà, tó sì gbọ́ pé ìpè náà ló dí ẹnu ọ̀nà Ọjà, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ẹni tí ọkọ̀ fóòmù kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá.

"Bàbá wa ló wà lórí ìlà? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e! Ẹ fi ohùn rẹ̀ sóde, kí gbogbo wa kí i!"

Kí Ràmílátù tó mí, Axel, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ rárá fún àgbà, ti so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn. Alhaji Karim dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú kọ̀ǹpútà, àyà rẹ̀ kan símẹ́ǹtì, sítáàṣì agbádá rẹ̀ kọ pàù.

"Bàbá wa o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!"

Àná ni wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ó kí i fún ojú ọjọ́. Ó kí i fún ìlera. Ó kí i fún òjò tó rọ̀ lọ́dún tó kọjá àti èyí tí yóò rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó tó àkókò láti dìde, ó pe àgbà tó kàn, ìyẹn náà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹni yẹn, ẹlòmíràn. Láàárín ìkíni kan sí èkejì, Alhaji Karim ń jí ojú wo ìta, níbi tí oòrùn ti ń yọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ilé alájà. Ràmílátù rí ojú tó ń jí yẹn. Ó sì yé e: bí wọ́n bá ń kí Bàbá báyìí, wọn yóò kí i títí ladání yóò fi pe Màgíríbì, fóòmù yóò sì wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀yẹ.

"Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bàbá ká pa á."

"Ìwọ ọmọ yìí! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Àgbà ló wà lọ́jà lónìí," Ràmílátù dá a lóhùn, "òun náà ni kò jẹ́ kí ọjà ṣí."

Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ. 1748 ṣì wà níbẹ̀. Ó yàn án, ó tẹ *Terminer le processus*, àṣẹ tó ń pa ètò. Kọ̀ǹpútà gan-an bẹ̀rù; ó gbé ìkìlọ̀ gígùn jáde pé ohun tó fẹ́ ṣe yìí lè bí ohun tí kò fẹ́, ṣé ó dá a lójú?

Axel di apá rẹ̀ mú. "Rami. Ìyẹn kì í ṣe processus o. Bàbá ni."

Ràmílátù ronú kan bàbá rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó àjà ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ronú kan bàtà rẹ̀ tó jẹ tán. Ó ronú kan gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù, tí yóò máa jókòó lórí fóòmù máa kí àwọn tó gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́ pé ẹ kú ìjókòó.

"Gbogbo wọn ní kí n bọ̀wọ̀," ó sọ. "Mo ti bọ̀wọ̀. Ó tó."

Ó tẹ *Oui*.

"Ẹ kú..." ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì já. "Ẹ kú" yẹn ò délẹ̀ rí. Wọ́n ní ó ṣì ń rìn káàkiri lókè Ghana títí dòní, ó ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè gbọ́ bí fóòmù ṣe ń mí níta. Tantie Nimotou ṣíwọ́ lórí. "Yéè! Wọ́n ti gé Bàbá!"

Alhaji Karim gbé orí sókè láti ilẹ̀, erùpẹ̀ símẹ́ǹtì níwájú orí. "Réseau ni. Ẹ má bẹ̀rù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Àbí?"

Gbogbo ojú yí sí Ràmílátù. Réseau! Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá dá ní Abidjan, réseau ló ń gbà á rù. Kó sáà mi orí ni, ọ̀rọ̀ parí. Kò mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí Ọjà. Ó tẹ̀ ẹ́, iná aláwọ̀ ewé sì tàn.

"Ó ti ṣí," ó wí. "Ẹ jókòó sí kọ̀ǹpútà tó bá wù yín. Ẹ tẹ *o*, ẹ tẹ *j*, ẹ tẹ *a*."

Alhaji Karim ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Alhaji Bàsìt ló jókòó, ó na ìka kan tó nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta náà. Ọjà yọ sí i lójú, funfun báláú.

"Kí ni kí n wá?"

"Bàbá kékeré," Ràmílátù béèrè, "ọkọ̀ yín tó wà níta yẹn, kí ló dé tí wọ́n ń tì í wá?"

"Démarreur tó ń jí ẹ́ńjìnì ti kú lára rẹ̀," Alhaji Karim fi ìbínú sọ. "Gbogbo Abidjan kò ní irú rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Cotonou, ó ti ń di oṣù, wọ́n ṣì ń fi ìlérí bọ́ mi."

"Ẹ tẹ démarreur, Alhaji. Ẹ tẹ orúkọ ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e."

Ìka ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan, ìmí kan. Ìlà kan yọ. Alhaji Bàsìt kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ó ní... ó ní èmi ni mo ní in."

"Ìwọ?" Alhaji Karim fò dìde.

"Èmi náà ò mọ̀! Àfi bó bá jẹ́..." Alhaji Bàsìt fi ọwọ́ bo ẹnu. "Irin kan tí mo fi ń di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mú, kí afẹ́fẹ́ má máa tì í. Nígbà tí ọmọ yìí wá, ó ní kí n gbé e, ó wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Bàsìt! Iwájú ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti jókòó sunkún démarreur! O tún bá mi kẹ́dùn!"

"Mo bá ẹ kẹ́dùn tọkàntọkàn!"

Ẹ̀rín bú sílé bí ìgbà tí táyà bẹ́. Àwọn àgbà tó kù ti já lu àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, wọ́n ń ti ara wọn, ẹnì kan ń wá rádíétọ̀, ẹnì kan ń wá fìtílà Peugeot, ẹnì kan rí i pé ohun tí òun ń wá láti ọdún kan wà lọ́wọ́ ìyàwó òun. Inú ariwo yẹn ni fóònù Alhaji Karim ti dún nínú agbádá. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e sí etí, ohùn tó jáde nínú fóònù náà sì le débi pé kò nílò gbohùngbohùn.

"Karim! Ta ló gé mi?"

"Bàbá, r... rése..."

Ràmílátù gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, orúnkún méjèèjì lórí símẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Bàbá, Ràmílátù ni. Kì í ṣe réseau. Èmi ni mo gé yín, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gé yín ni. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láìmọ̀, ọjà mi ò lè ṣí, wọ́n sì fẹ́ fi yín gba ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ẹ bínú bó bá yẹ kí ẹ bínú. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún gé yín."

Tantie Nimotou ti di etí. Axel ti ń wo ilẹ̀kùn. Nínú fóònù, gbogbo èèyàn gbọ́ nǹkan kan tó dún lọ́nà jíjìn, bí ẹni tó ń sáré pẹ̀lú sálúbàtà, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn kan gbá pà. Ó pẹ́ díẹ̀. Bàbá padà.

"Ọmọ mi," ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí òwú, "Ọlọ́run á bù kún ọ, á fún ọ ní ọmọ tí yóò gé ìwọ náà lọ́jọ́ tó bá yẹ. Láti àárọ̀ ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí! Mo ń retí kí Nimotou ní ó dàbọ̀, kò ní in. Obìnrin kúnlẹ̀ ó ń kí mi, ṣé kí n wá lé e bí ewúrẹ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé ìdí sókè, á tún kí mi. Mo jókòó. Lẹ́yìn náà ni Karim dé, ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣebí àná ni a sọ̀rọ̀? Ohùn já, mo tún jókòó dè yín. Karim dà?"

"Mo wà níbí o, Bàbá," Alhaji Karim dáhùn láti ilẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù wo ni ọmọ yìí ń wí?"

Alhaji Karim wo iná aláwọ̀ ewé. Ó wo Alhaji Bàsìt tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín. Lẹ́yìn títì, ladání fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí, ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ pè.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," ó sọ pẹ̀lú ìrora ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún. "Mo búra pé bó bá ṣí kí wọ́n tó pe ìrun, tirẹ̀ ni. Ó ti ṣí. Walaï ò ṣeé jẹ."

Ìpè ìrun sì dún.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ni Alhaji Bàsìt fúnra rẹ̀ gbé démarreur wá, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ń gbá pà-pà-pà lẹ́yìn rẹ̀ ní Adjamé. Ọkọ̀ fóòmù jí, ó wú ikọ́, ó sì lọ. Ìwọ̀nba fóòmù kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sẹ́nu ọ̀nà. Alhaji Karim ní òun gbàgbé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e ní ìwọ̀n orúnkún Tantie Nimotou, wọ́n sì ti gbé e sẹ́yìn aṣọ.

Tantie dé kí oòrùn tó gbóná, ó kúnlẹ̀ sórí rẹ̀, ó wọ ohun ìgbọ́rọ̀.

"Bá mi pe Bàbá."

"Ẹ ní sùúrù." Ràmílátù kọ́kọ́ jí Ọjà. Iná tàn. Ó ṣí fèrèsé dúdú, ó tẹ *netstat -ano*, ó wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgọ́rin, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀, àga rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ, ó sì gbé ìka tó fi gé Bàbá lánàá sókè síbi tí tantie yóò ti rí i.

"Ó yá, Tantie. Ẹ kí wọn. Mo ń gbọ́."